Ẹ̀dọ̀ Inú Ìgò, Ẹ̀dọ̀ Inú Àwo

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Orazbek fi da àgùntàn nítòsí pápá tí wọ́n ti ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò, kí ó tó di ẹni tó ń mú àlejò yí ká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa létí odò Irtysh. Nígbà tó wà ní kékeré, bí àwọn sójà bá ní kí gbogbo abúlé jáde nílé kí wọ́n dojú bolẹ̀, òun a máa yọjú lábẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ó máa ń sọ èyí fún àlejò bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Kì í fi kún un, kì í sì í yọ níbẹ̀.

Lọ́dún tí Zhuldyz ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ, Rabiga, ìyá ọkọ ìyàwó, wá láti Karaganda kí ìdílé méjèèjì lè jẹ ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ìrù àgùntàn pọ̀. Àna tó bá ti jẹ ẹ̀dọ̀ yìí kò tún lè ní òun kò ṣe mọ́. Opó ni Rabiga, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé èèyàn kì í gbé ìyàwó nílùú wa láìwádìí, nítorí àìsàn tí bọ́ǹbù fi sílẹ̀.

Kulyash, ìyàwó Orazbek, fa ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kó ti yàrá ìgò, níbi tí wọ́n kó ẹ̀yà ara àwọn ẹran tí bọ́ǹbù pa sí, pa, kó ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Orazbek kò tì í.

Wọ́n kọ́kọ́ wo tábìlì onírin tí wọ́n fi ń yin bọ́ǹbù. Rabiga ní bọ́tìnnì rẹ̀ jọ ti ẹ̀rọ ìfọṣọ òun. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìgò, àwàdà tán. Ọkàn ajá wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ àgùntàn pàápàá wà níbẹ̀, ó ti dúdú nínú omi oògùn. Rabiga dúró pẹ́ níwájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Kulyash wo ojú àlejò, ó sì yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀: "Bàbá Zhuldyz, ọjọ́ tí a fẹ́ jẹ ẹ̀dọ̀ náà lẹ mú wọn lọ wo ẹ̀dọ̀. Ẹ ò bá kúkú mú wọn dé ilé òkú."

Zhuldyz gbé àwo ẹ̀dọ̀ kalẹ̀, ó jáde. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́ sí i.

Rabiga ní, "Àna mi, níbo ni àgùntàn yìí ti jẹko?"

Kulyash yára dáhùn pé ọjà ni wọ́n ti rà á.

"Ẹ̀yìn ìlú níbí ni," ni Orazbek wí. "Èmi ni mo dà á. Àwọn tó fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò ní kò léwu mọ́. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi ò rí inú ilẹ̀."

"Ẹ̀yin náà sì ń jẹ ẹran ibẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti hu eyín."

"Eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín?"

"Èyí tó kù tó láti fi jẹ ẹ̀dọ̀."

Rabiga rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú ègé ẹ̀dọ̀ kan, ó fi ọ̀rá lé e, ó sì fi í sí Orazbek lẹ́nu bí àṣà ṣe wí. Ó ń wò ó títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ tábìlì, ó la ẹnu, ó ń retí tirẹ̀.