Lẹ́tà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Gbé Lọ

Ẹ má bi mí léèrè bí ara Ìyá Alágbàfọ̀ ṣe wà. Ẹ lọ bi í fúnra yín. Yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ni. Ẹ óò gbọ́ òórùn aṣọ gbígbóná kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn. Bó bá ní ara òun le, ẹ má gbà á gbọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, nítorí èmi ni mo ṣe é.

Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà nílé ìfìwéránṣẹ́, ìkọ̀wé mi sì dára ju ti ọ̀gá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi jẹ lé mi lórí. Mi ò fi ṣe ìgbéraga. Ó kéré tán, mi ò fi ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn tí ọkọ obìnrin yìí kú ló kó wá sílé wa, tòun ti àpò aṣọ méjì, tábìlì ìlọṣọ kan, àti tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tó ní ọmọ òun ọkùnrin ló rà á fún òun. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ eré orí ìtàgé ló ń ṣe, a sì kàn mi orí bí èèyàn ṣe ń mi orí tí wọ́n bá ní ọmọ ẹnì kan ṣì ń wáṣẹ́. A ò fojú kan ọmọ náà rí. Ìyá rẹ̀ ló máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bí Ìyá Alágbàfọ̀ bá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, ó máa ń bá aṣọ náà sọ̀rọ̀. Tí kọ́là bá ń yí sókè, á fi ìka tọ́ omi, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, alágídí." Kò mọ̀wé. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ yẹn ló sì kọ́ ọ nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún un. Ábídí tó kẹ́yìn nínú orúkọ náà kọjú sí ẹ̀yìn. Bí ọmọ ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni ìyá ṣe ń kọ ọ́ títí dòní.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yàrá rẹ̀ la ti ń wo Ilé Ò Gbà Wá. Eré aláwàdà ni, nípa bàbá kan àti àwọn ẹbí tí wọn ò fẹ́ kúrò nílé rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan, oníkùn gbẹ̀ǹdù, ló ti ń ṣe Baba Ilé láti ọdún mẹ́sàn-án, ojú rẹ̀ nìkan sì tó ẹ̀rín. Á wọlé, á bá àna rẹ̀ lórí àga rẹ̀, á ní, "Ṣé èmi ni mo ni ilé yìí, àbí ilé yìí ló ni mí?" Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lójúde wa á ti ṣubú lulẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀. Èmi pàápàá, tí ẹ̀rín kì í tètè pa, mo máa ń nu ojú.

Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ pé ọkùnrin kúkúrú náà àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti jà, ó ti lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin gíga kan, tẹ́ẹ́rẹ́, ló dé fìlà Baba Ilé, tó jókòó sórí àga Baba Ilé, tí ìyàwó Baba Ilé sì ń pè ní olówó orí mi. Ojú wa rí ohun tí kò rí rí. Fọkanáísà yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n títí eré fi parí, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ní ó dà bí ìgbà téèyàn tibi iṣẹ́ dé, tó bá ọkùnrin mìíràn lórí ibùsùn, tí gbogbo ẹbí wá ń ní ọkọ rẹ náà nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní ibùdókọ̀, lórí rédíò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn kan bú ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, àwọn kan bú ohùn rẹ̀.

Èmi, ìyá rẹ̀ ni mo bú. Mo ní, "Ìyá tó bí eléyìí kàn rọbí lásán ni." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan ṣoṣo tí a rín lọ́jọ́ náà. Ìyá Alágbàfọ̀ dìde, ó ní òun ń lọ bu omi wá fún wa.

Ọmọ rẹ̀ ni ọkùnrin gíga náà. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ló tó ṣàlàyé fún mi. Kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kó wá sọ pé ọmọ òun ni. Wọ́n ní inú kì í dùn ká pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n obìnrin yìí pa tiẹ̀ mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó kọjú sí wa, tó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dúró de ẹ̀rín kan péré. Mo rò pé ó ń ṣọ́ àga rẹ̀ kí a má bàa bà á jẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú ìwé méjì, láìpa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Mo ní ẹni tí kò lè pa fọkanáísà lẹ́rìn-ín, kó lọ wáṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sunkún. Mo ní kí wọ́n lé e, kí wọ́n sì bẹ ti àtijọ́ padà. Mo kà á sétí gbogbo ilé ní yàrá Ìyá Alágbàfọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. A wá ní ẹni tó ni yàrá, tó tún ni tẹlifíṣọ̀n, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ó di bírò mú. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ò lè fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i?"

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé èèyàn yín ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn; ó mọ òwe yẹn jù mí lọ. Síbẹ̀ ó tẹ̀ bá ìwé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá, ábídí tó kẹ́yìn kọjú sí ẹ̀yìn. Àwa mẹ́rìndínlógún yòókù kọ tiwa sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Ká ní mo ju lẹ́tà náà sínú àpótí póòsì ni, ì bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà. Ta ló mọ ìyẹn jù mí lọ? Torí pé mo mọ̀ ọ́n náà ni mi ò ṣe fi póòsì rán an. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí obìnrin náà lọ̀ fún mi, mo wọkọ̀, mo fọwọ́ ara mi gbé e dé orí tábìlì ọ̀gá wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, nínú eré, ìyàwó Baba Ilé ti lọ síbi iṣẹ́, Baba Ilé ní òun á lọ ṣẹ́ẹ̀tì òun fúnra òun. Ó gbé áyọ́ọ̀nù. Kọ́là yí sókè. Ó wò ó tìkà tẹ̀gbin, ó fi ìka tọ́ omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, alágídí." Kọ́là tún dìde. Ó tún un tẹ̀. Ó halẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tó yá ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Fọkanáísà yíjú padà pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń lu itan. Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi, mo nawọ́ sí Ìyá Alágbàfọ̀, mo ní ẹ wò ó, ẹ̀yin gan-an nìyẹn. Ẹkún ló ń sun, mo rò pé ẹ̀rín ni. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó dìde dúró.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ní mo wá gba lẹ́tà mi padà. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yọ̀ mọ́ mi. Ó ní nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé, tèmi ló dára jù, pé ọ̀gá kà á sókè níwájú gbogbo òṣèré lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbé e yí wọn ká kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá ọkùnrin náà dúró. Èyí tí a wò lánàá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á. Ó kí mi kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ náà wá. Mo wà ní yàrá ìyá rẹ̀, mo mú ṣòkòtò kan tí kò nílò lílọ̀ dání, mò ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí kò mọ̀ mí. Ó tẹ́ ẹ̀dà lẹ́tà náà sórí tábìlì ìlọṣọ, ó fi ìka lé orúkọ tó wà lókè.

"Màmá, mo mọ ọwọ́ yìí. Èmi ni mo kọ́ yín."

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ wò mí rárá? Lọ́jọ́ kan péré?"

"Ojú wọn ni mò ń wò, ọmọ mi. Mò ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín, bí o ṣe wí."

Ọmọ náà ká ìwé náà padà. Ó ní àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ò dun òun, ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti la ẹnu. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti wí pé èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo tì í débẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ wojú mi. Mo ká ṣòkòtò mi mọ́ apá, mo yọ́ jáde, ojú sì ń tì mí títí di ìsinsìnyí.

Wọ́n bẹ Baba Ilé àtijọ́, ó padà. Yàrá Nọ́ọ̀sì la ti ń wò ó báyìí. Ó ti sanra sí i, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pani mọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́? Bí àwọn ọmọ ilé bá fẹ́ pa ara wọn lẹ́rìn-ín, kọ́là alágídí yẹn náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyá Alágbàfọ̀ ti yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Aṣọ àwọn oníbàárà tó bá ti lọ̀ ló ń tò lé e lórí.

Ó tó oṣù kan tí kò gbúròó ọmọ rẹ̀ kó tó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí ọmọ mi. Mi ò lẹ́lòmíràn." Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ó ní kí n má kọ ọ́, ọwọ́ òun ló wà lókè ìwé yẹn. Ohun tó ní kí n kọ kò ju pé ara òun le, pé gbogbo ilé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kọ́là, pé kó wá jẹun. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ náà ti kó kúrò nílé tí ìyá rẹ̀ mọ̀, nọ́ńbà àpótí póòsì rẹ̀ nìkan la ní, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ ara mi gbé e lọ. Lẹ́tà mẹ́rin la kọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló padà wá láìjẹ́ pé ó ṣí wọn, pẹ̀lú ìlà pupa lórí àdírẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó yé mi. Mo mú àpòòwé náà lọ sójú fèrèsé, mo wo orúkọ ọmọ náà bí mo ṣe kọ ọ́ sí i lára, tó tẹ́jú, tó dọ́gba, tó dára ju ti ọ̀gá mẹ́rin lọ. Ọmọ náà ti rí ìkọ̀wé yìí rí, lára lẹ́tà tó lé e níṣẹ́. Wọ́n ti gbé lẹ́tà mi yí gbogbo òṣèré ká kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mi ò sọ fún ìyá rẹ̀. Karùn-ún tí a fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, ó sì rí wọ́gọwọ̀gọ bí ti ọmọ kíláàsì kejì. Kò tíì padà wá.