Josiah Fádèyí àti Mólò Abẹ́ Fèrèsé

Gbogbo Akanran ló mọ ọ̀rọ̀ eṣinṣin yẹn. Kò tíì pẹ́ tí rélùwéè wọ Ìbàdàn nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń da ìwé orin kọ. Lọ́jọ́ ìkórè, Josiah Fádèyí jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé mólò olókùn mẹ́ta lé itan, ó tẹ́ ìwé orin tó dà kọ síwájú. Orin ń lọ geere, àfi "tín!" lókè réré. Gbogbo ìjọ ta gìrì. Tíṣà Ọláníyì, tó ń darí ìjọ, bẹ ojú ìwé wò.

"Josiah, àmì orin kọ́ nìyí. Eṣinṣin ló yàgbẹ́ sínú ìwé mi, lo bá dà á kọ."

"Orí ìlà ló ṣe é sí, Tíṣà. Eṣinṣin tó mọ ibi tí ìlà wà, kì í ṣe ẹgbẹ́ eṣinṣin."

Ohun tí àwọn alàgbà rí dì mú nìyẹn. Tipẹ́ ni wọ́n ti ń wá ẹ̀sùn sí mólò lẹ́sẹ̀, pé nǹkan ìdí ẹmu ni. Ẹ ò rí ìwà ìkà! Ẹmu tí àwọn fúnra wọn ń mu, mólò ni kó wá jẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n ní kí Josiah máa wá jọ́sìn, ṣùgbọ́n mólò ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo ló wu ọkùnrin náà láyé: kí mólò rẹ̀ yin Ọlọ́run nínú ilé Ọlọ́run. Ó bi wọ́n pé bí Dáfídì bá yà sí Akanran, ṣé ìta ni wọ́n á ní kó wà. Wọ́n nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ló bá gbé àpótí sábẹ́ fèrèsé, ó ń ta mólò rẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Kò pẹ́, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń kọ́kọ́ kún, àwọn alàgbà tó lé e ló sì ń jà sí i jù.

Bí òjò bá dé, á bọ́ dàńṣíkí rẹ̀ bo mólò. Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, tí kò fi Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní tirẹ̀, á bi í pé Ọlọ́run wo ni kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

"Ọlọ́run kọ́ ló tì í," Josiah á ní. "Alàgbà ni."

Nígbà tó kú, wọ́n gbé pósí rẹ̀ wọlé, wọ́n dá orin, orin ò gbéra. Ìbídùnní dìde.

"Ẹ gbé e wọlé, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níta."

Tíṣà Ọláníyì fúnra rẹ̀ jáde lọ gbé mólò wá láti abẹ́ fèrèsé, ó jókòó ti pósí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kò mọ̀ ọ́n ta rárá. Ó ń dún bí adìyẹ tó ń tanlẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó dé iwájú, Ìbídùnní náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá sún mọ́ Tíṣà, ó di ìka rẹ̀ mú, ó rọra gbé e sórí okùn tó yẹ.