Ipasẹ̀ Dúdú ní Ihò Kẹsàn-án

Verlyn Kostecki, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, olùtọ́jú pápá gọ́ọ̀fù ẹgbẹ́ Tamarack Ridge ní àríwá Wisconsin, gba lẹ́tà ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ilé onígi tí òun àti Marva ìyàwó rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ihò kejì pápá náà, ilé tí ẹgbẹ́ fi fún un nítorí iṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá ti lọ, ilé náà ti lọ.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú koríko yẹn. Òfin rẹ̀ kan wà tí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n: bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìrì dì sórí koríko, Verlyn á ta àsíá pupa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ pápá títí oòrùn yóò fi yọ́ ìrì náà. Koríko tó dì kò yàtọ̀ sí ìgò. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ti fọ́ ọ nínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni yóò tó hàn, tí ojú ẹsẹ̀ náà á dúdú bí ẹni pé wọ́n fi irin gbígbóná jó o. Bó bá jẹ́ ìgbà òtútù ló kù sí dẹ̀dẹ̀, kò ní hù mọ́ títí di oṣù Karùn-ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, Orrin Haugland, ààrẹ ẹgbẹ́, kó àlejò mẹ́ta dé. Àsíá pupa wà lókè.

"Verlyn! Ṣé àwọn koríko ọmọ ẹ ò tíì jí ni?"

"Ó ku wákàtí kan péré, ọ̀gá. Ẹ lọ mu kọfí ná."

Haugland yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ ò rí ayé! Èmi ni mo gbà á síṣẹ́, òun ló ń pàṣẹ fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bá rìn lọ sórí koríko ihò kẹsàn-án, tó wà níwájú ilé ẹgbẹ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì.

"Verlyn, ṣé ó dùn ẹ́?"

Verlyn sáré bá a, ó di apá rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ kúrò níbẹ̀!" Àárín koríko ló wà kó tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò tẹ ìrì dídì rí láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ojú ẹsẹ̀ náà dúdú. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jáde wá wò ó. Haugland ló ní kí Verlyn bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó gbé e lé ojú ẹsẹ̀ kan, ó sì bá a mu wẹ́kú.

"Àwọn ojú ẹsẹ̀ yòókù ńkọ́?" ni Verlyn wí. "Ẹ gbé bàtà tiyín náà síbẹ̀."

Haugland da bàtà náà padà fún un. Akọ̀wé ẹgbẹ́ bi Lyle Brandvold, igbákejì Verlyn láti ọdún mọ́kànlá, tó dúró nítòsí láàárọ̀ ọjọ́ náà, léèrè ohun tó rí. Lyle ń wo igi.

"Ọ̀gá Verlyn nìkan ni mo rí lórí ẹ̀."

"Ta ló ṣòfin?" ni Haugland wí. "Ìwọ náà ni. Bàtà ẹ ti sọ ẹni tó rú u."

Lyle ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́tà náà ní kí Verlyn kọ́ ọ bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ lé omi jáde nínú àwọn páìpù pápá kí ó má baà dì kó sì bẹ́ wọn, nítorí Lyle kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì ni Verlyn fi kọ́ ọ. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un.

Marva ń fi ìwé ìròyìn di àwo. "Ò bá ti jẹ́ kí Haugland máa jó níbẹ̀."

"Koríko yẹn ì bá kú."

"Ó kú náà, Verlyn."

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ yóò jẹ oúnjẹ ìparí sáà gọ́ọ̀fù. Wọ́n ti ní kí Verlyn wọ kóòtù wá. Haugland ni yóò fún un ní aago ìdágbére, lẹ́yìn náà yóò fa kọ́kọ́rọ́ ilé onígi náà lé Lyle lọ́wọ́.