Àpótí Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Jù

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Vickery Meadow lókè òkun, nínú ilé tí òórùn ata díndín kì í kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni àǹtí mi yìí. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ni, ọ̀gá mi sì ti là á yé mi pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tóun gbé fún mi ló máa sọ bóyá màá dúró tàbí màá lọ. Àpótí kékeré tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà béèyàn bá fẹ́ tẹ ìwé jáde ni. Ọ̀gá fẹ́ kó rọrùn fún tọmọdé tàgbà. Èmi ọlọ́gbọ́n wá kó gbogbo ìbéèrè ayé sínú rẹ̀: irú bébà wo, ojú kan àbí méjì, aláwọ̀ àbí dúdú, òòró àbí ìbú. Mo wò ó, orí mi wú.

Mo ní kí àǹtí fi tẹ orin ẹgbẹ́ akọrin wọn jáde. Àǹtí ní ó dára gan-an, wọ́n tún gbàdúrà lé e. Mo fọ́nnu dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo lọ gba ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé wa. Àǹtí ni mo bá níbẹ̀, kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá, tí wọ́n ń bẹ akọ̀wé kó bá wọn tẹ orin náà jáde. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ó dùn mí, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

“Mi ò fẹ́ discourage ẹ ni,” wọ́n ní. “Ṣùgbọ́n àwọn question yẹn ti too much, ọmọ mi. Àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, o ò tíì fún un lómi, o ti ń bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.”

Ọ̀sán yẹn ni mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Bí àpótí náà bá ti ṣí, ojú ìwé náà ló máa kọ́kọ́ hàn, bó ṣe máa rí lórí bébà gan-an, pẹ̀lú bọ́tìnì ńlá kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè mi lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn, fún ẹni tó bá wá wọn. Àǹtí fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, bébà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà lórí ìdúró. Ọ̀gá náà gbà á, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí dòní.

Àǹtí ti fẹ̀yìn tì báyìí, Arlington ni wọ́n ń gbé. Mo ṣì máa ń gbé iṣẹ́ tuntun lọ bá wọn. Wọ́n á gbé omi tútù fún mi, wọ́n á ní iṣẹ́ náà dára gan-an, nígbà tí n kò tíì ṣí kọ̀ǹpútà rárá. Mo fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Màá mu omi náà tán, màá dúpẹ́, màá wá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí n rí i.