Àwọn Ewúrẹ́ Fàsílátù Lẹ́tìí Ọ̀sà Bàrígà

Ní ọdún tí àwọn sójà padà sí bárékè, tí ìjọba alágbádá wọlé, àwọn ará Bàrígà rò pé ariwo ìbọn ti bá àwọn sójà lọ. Kò bá wọn lọ rárá. Àwọn olóṣèlú ló gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ ìta. Ta ló ni gáréèjì yìí, ta ló ni òpópónà tọ̀hún, àdá ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Èèyàn á jí láàárọ̀ kó lọ ra búrẹ́dì, á bá òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì.

Irú àdúgbò yìí ni Fàsílátù ti ń sin ewúrẹ́ nítorí ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa àwọn aládùúgbò lẹ́rìn-ín. Ràmọ́nù bàbá rẹ̀, káfíńtà ará Ṣàgámù tó kọ́lé sí ẹ̀yìn ibi tí àwọn apẹja ti ń sá àwọ̀n, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀ ní tirẹ̀. "Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì," á ní, "òun ló padà wá ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé mi." Ṣùgbọ́n òun náà ló kan ilé fún àwọn ewúrẹ́ ọ̀hún, ó sì kàn án dáadáa.

Ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ni Fàsílátù kọ́. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́, ó wá ń lépa oyè kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní máásítàs, lórí ọ̀rọ̀ wàrà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéjìmí, ẹni tí wọ́n yàn láti máa bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, bàbá náà kò fi oyin kankan sẹ́nu bá a sọ̀rọ̀.

"Èsì oyè àkọ́kọ́ rẹ dára, àwọn olùkọ́ rẹ sì jẹ́rìí rẹ," ó ní. "Ìyẹn ló gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà. Bí o bá wọlé, wàá gba kíláàsì, wàá jókòó ìdánwò. Lẹ́yìn náà wàá dúró níwájú gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka yìí, wàá sọ ohun tí o fẹ́ wádìí, wọn á sì fa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ya bí aṣọ. Bí o bá yè é, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ìwádìí lára ẹran tó ń mí. Wàá kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí. Àjèjì kan á sì wá láti yunifásítì mìíràn, á bi ọ́ ní ohunkóhun tó bá wù ú. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

"Kí ni ìbéèrè rẹ? Mi ò fẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti dáhùn."

Fàsílátù ti ní in nínú. Ní Pẹ́dírò, àdúgbò kan nítòsí Bàrígà níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń ga bí òkìtì, á máa rà, á máa rùn. Bí èèyàn bá sá èèpo yẹn gbẹ, tó fi ewé sí i, tó fún àwọn ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ilé wa jẹ, ṣé wàrà wọn á tó ọmọ wọn mu, kó tún ṣẹ́ kù fún ọmọ èèyàn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéjìmí wò ó títí. "Lọ ṣe é," ó ní.

Ó gba kíláàsì, ó ṣe ìdánwò, ó dúró níwájú àwọn olùkọ́, wọ́n fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ya lóòótọ́, ó rán an padà. Ìgbà tó kó ẹran wọ ilé ẹran yunifásítì ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bomi fún ẹran mọ́, àwọn olè sì ń jí wọn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kó tirẹ̀ lọ sílé, pé òun á máa wá yẹ̀ wọ́n wò. Bí àwọn ewúrẹ́ ṣe di ará Bàrígà nìyẹn.

Láàárọ̀ kùtù, Fàsílátù á ya àwọn ọmọ ewúrẹ́ sọ́tọ̀, á jókòó sórí àpótí, á fún wàrà ìyá wọn sínú ife, á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin Baptist kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti ń kó èèpo ní Pẹ́dírò. Oyèbísí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin méjì, Babájídé àti Ọládiméjì, àwọn ló máa ń bá Fàsílátù di àpò èèpo nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù.

Moshood àbúrò Fàsílátù ló sì máa ń bá a gbé àpò náà wọlé. Ọmọ gáréèjì Bàrígà ni. Ó láyà, ó sì láwọn tó ń tẹ̀ lé e. Nítorí Moshood, kò sí ọmọ ìta kan tó jẹ́ fọwọ́ kan ewúrẹ́ ìdí ilé yẹn. Fàsílátù mọ ohun tó ń dáàbò bo ẹran òun. Ó mọ̀ ọ́n, ó panu mọ́.

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjà gáréèjì bẹ́. Àwọn ọmọ Pẹ́dírò ní àwọn ló kàn, àwọn ọmọ Bàrígà ní irọ́ ni. Fàsílátù ń fún wàrà lọ́wọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí Moshood fo ògiri wọlé. Ẹ̀wù rẹ̀ pupa láti ọrùn dé ìdodo. Ó ki apá méjèèjì bọ inú omi tí àwọn ewúrẹ́ ń mu, omi náà sì yí padà.

"Moshood! Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?"

"Àǹtí mi, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ mú Bàbá wọlé, ẹ má jáde."

"Mo ní ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Kò wo ojú rẹ̀. "Ọládiméjì ni. Òun ló kọ́kọ́ yọ àdá sí mi." Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó bọ́ sínú ọkọ̀ apẹja kan, ó wà á lọ sórí ọ̀sà.

Ife wàrà ṣì wà lọ́wọ́ Fàsílátù. Ọmọ tó ń bá a di àpò. Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí àwọn ọmọ Pẹ́dírò dé. Wọn kò kanlẹ̀kùn. Wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n sì ya wọlé bí omi. "Moshood dà?" Ràmọ́nù jáde sí wọn pẹ̀lú Kùránì lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run ṣe é. Ẹnì kan fi pákó gbá a létí. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò etí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń mì láìsí ohùn.

Wọ́n wá ilé káàkiri, wọn kò rí Moshood. Babájídé ló ṣáájú wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó rí àwọn ewúrẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá wọn. Ewúrẹ́ a máa sunkún bí ọmọ èèyàn, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Àdá ń lọ, ó ń bọ̀. Ọmọ ewúrẹ́ kan sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ Fàsílátù, wọ́n fà á jáde níbẹ̀, wọ́n là á sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ àti wàrà dà pọ̀ nílẹ̀.

"Babájídé, ó tó! Babájídé!" Fàsílátù dì mọ́ ọrùn èyí tó kù nítòsí rẹ̀. Babájídé ti gbé àdá sókè kó tó rí ọwọ́ níbẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ rí i. Ìka méjì ọwọ́ òsì Fàsílátù bọ́ sílẹ̀ sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́.

Kò tíì dun ún. Ó kàn ń wo ìka náà. Babájídé náà ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sáré jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ewúrẹ́ mẹ́ta péré ló yè é. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán ọwọ́ Fàsílátù, wọ́n wé orí bàbá rẹ̀. Etí kan Ràmọ́nù kò gbọ́ràn mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn méjèèjì kò tíì pẹ́ padà sílé tí ariwo fi tún gba ojú ọ̀nà. Moshood ti dé láti òdìkejì ọ̀sà. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ́ Babájídé bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, eegun yọ síta. Táyà wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ti da bẹntiróòlù sí i lára. Iwájú ilé Ràmọ́nù ni wọ́n gbé e jù sí.

"Àǹtí Fàsí!" Moshood kígbe. "Ẹ jáde wá wò ó. Ọwọ́ tó gé ọwọ́ yín, ẹ wá wò ó kó tó jóná."

Fàsílátù jáde. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó rí eegun ẹsẹ̀ yẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Ìgbà tí Babájídé gbójú sókè tó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ohùn kan náà tó fi máa ń ní "Àǹtí, ṣé kí n so ó?" nídìí àpò èèpo, ni nǹkan já nínú rẹ̀.

"Moshood, gbé táyà yẹn kúrò."

"Kí lẹ wí?"

"O ti pa àbúrò rẹ̀. Méjì ni o fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá kan?"

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Àǹtí mi!"

Kò kúrò. Ó dùbúlẹ̀ lé Babájídé lórí, bẹntiróòlù sì mu ìborùn rẹ̀, ó wọ ojú ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ta á bí iná gidi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti ṣáná. Moshood gbá a lọ́wọ́, ìṣáná fò lọ sínú gọ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń bú u, ó ń sunkún, Fàsílátù sì rọ̀ mọ́ táyà.

Ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ti yọ. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ìbọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn fọ́n ká. Moshood nìkan ló dúró, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọta bà á láyà. Ó jókòó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sinmi, ó sì fi orí lé itan Fàsílátù. Ibẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn. Wọ́n gbé Babájídé lọ sí ilé ìwòsàn, ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ mọ́.

Nígbà tí yunifásítì tún ṣí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéjìmí wo ọwọ́ Fàsílátù, kò lè wo ojú rẹ̀. "A lè fún ọ ní dípúlómà lórí kíláàsì tí o ti gbà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Oyè kejì kò ṣeé gbà láìsí ìwádìí, ìwádìí rẹ sì ti kú."

"Mo máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, sà."

"Fàsílátù, kí lo fẹ́ fi hàn?"

Ó ronú. "Mi ò fẹ́ fi nǹkan kan hàn, sà. Bí mo bá jókòó sílé, itan mi ṣì ń wúwo."

Wọ́n fún un ní ewúrẹ́ mìíràn, nínú ilé ẹran yunifásítì lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹran kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìlànà ìwádìí nìyẹn. Èèpo Pẹ́dírò ni. Fàsílátù mọ ẹni tó ni ín.

Oyèbísí ń yan gàrí nígbà tó dé. Àwọn obìnrin yòókù rí i, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èèpo ni mo wá bẹ̀ yín fún."

Oyèbísí dìde pẹ̀lú igbá ìrogàrí lọ́wọ́. Ó gbá a lórí, ó gbá a léjìká, ó tún gbá a lẹ́nu. Gàrí gbígbóná lẹ̀ mọ́ Fàsílátù lọ́rùn, ó ń jó o. Kò gbọ́wọ́ sókè. "Àbúrò rẹ! Àbúrò rẹ! Ọmọ tó ń di àpò fún ọ!" Igbá fọ́. Ó ń fi ọwọ́ lásán lù ú nígbà tí àwọn obìnrin dì í mú. Nígbà náà ni ó rí ọwọ́ òsì Fàsílátù, àti àyè ìka tí kò sí. Ó jókòó sínú eérú, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Níkẹyìn ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òkìtì èèpo. "Ìwọ lo dùbúlẹ̀ lé èyí tó kù fún mi lórí. Kó o. Ìgbàkígbà tí o bá fẹ́, wá kó o. Ṣùgbọ́n má kí mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìkíni lẹ́nu rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Fàsílátù á dé, á di àpò rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan àtààbọ̀, á gbé e, á lọ. Fún ọmọ Yorùbá láti kọjá lára àgbà láìkí i, ìyẹn le ju ìyà igbá lọ.

Ó parí ìwádìí, ó kọ àpilẹ̀kọ. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ẹnu pé, obìnrin kan wá láti yunifásítì mìíràn, ó ṣí ìwé náà, ó sì ní: "Ẹ kọ ọ́ síbí pé àdá ló pa àwọn ẹran àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti yọ wọ́n kúrò, ìwé yín ì bá mọ́ ju báyìí lọ."

"Wọ́n jẹun, mà, wọ́n sì fún mi ní wàrà," Fàsílátù dáhùn. "Mi ò lè sọ pé wọn kò wáyé."

Obìnrin náà bi í ní ìbéèrè lé ìbéèrè: lórí ọ̀rá inú wàrà, lórí májèlé inú èèpo tútù, lórí bí ó ṣe ṣírò ìyàtọ̀. Ó dáhùn èyí tó mọ̀, ó sọ èyí tí kò mọ̀. Wọ́n ní kó lọ dúró níta. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, wọ́n ní ó yege, àtúnṣe díẹ̀ ló kù.

Ó lọ sí Pẹ́dírò lọ́sẹ̀ yẹn láti sọ pé òun kò ní wá kó èèpo mọ́. Babájídé ń bó ẹ̀gẹ́ lórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí Fàsílátù, ó dìde, ó tiro wọlé. Oyèbísí kò gbójú kúrò nínú agbada.

"Wàrà yẹn," ó ní, "ṣé ó pọ̀ sí i?"

"Ó pọ̀ sí i díẹ̀, mà. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ náà sì sanra."

Oyèbísí mi orí pé òun ti gbọ́, ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. Fàsílátù ní òun kò ní wá kó èèpo mọ́. Kò dágbére, ó gba ọ̀nà Onípànù lọ wọ ọkọ̀.