Òrí Lára Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń fi lọ́rì kó iṣu láti Ògbòòrò lọ sí Ìbàdàn, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí ní agbo ilé yìí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí, mo sì fi owó iṣẹ́ mi ra ọkọ̀ ìjàpá tuntun, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí ọ̀dà rẹ̀ pẹ́ lára rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé èmi tí mo rà á ni n óò máa tọ́jú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn, wọ́n gbé agolo mẹ́ta ohun tí à ń fi pa ọ̀dà ọkọ̀ síwájú mi. Ti àkọ́kọ́ ń ha ojú ọ̀dà tó ti ṣá. Èkejì jẹ́ olómi. Ó ń dán lójú ẹsẹ̀, òjò kan ló sì máa fọ̀ ọ́ lọ. Ìda líle ni ẹ̀kẹta. Ọ̀dà tuntun kò ní ohun tí à ń ha, nítorí náà ìda ni mo mú. Ọlọ́jà bi mí pé, “Màdáàmù, ṣé ọkọ yín ló rán yín?” Mo ní ohun tí wọ́n kọ sára agolo ló rán mi.

Fún oṣù mẹ́sàn-án, omi kì í dúró lára ọkọ̀ yẹn, bí omi orí ewé kókò. Mo ṣàlàyé agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nígbà tó bèèrè.

“Ọyẹ́ ń bọ̀,” ni ó wí. “Kí ni à ń fi pa ara nígbà ọyẹ́?”

“Òrí ni, bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe èèyàn.”

“Ìyàwó, ìwé ti yó ọ jù.”

Ní ìlú wa, ohun gbogbo tí ọyẹ́ lè mú kó là ni à ń fi òrí pa: ètè, gìgísẹ̀, bàtà aláwọ, ọmọ ìkókó. Mo lọ ṣe máàkì ìwé ìdánwò ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé, ó ti fi òrí pa ọkọ̀ mi láti orí dé táyà, eruku pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó nípọn bí èlùbọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ́ ọ kúrò, nítorí yanrìn wà nínú rẹ̀.

“Ọdún wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ mọ́tò?” Ó mú kànìnkànìn, ó sì fi ha á. Nígbà tí ọkọ̀ gbẹ, ojú ọ̀dà rí bí ilẹ̀ tí adìyẹ tan.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún ọkọ mi pé ìda òyìnbó tí mo rà ló jẹ ọ̀dà. Ọkọ mi kò wò mí. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá ti ń wa mọ́tò kí o tó wọ ilé-ìwé.” Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí bọ̀ọ̀dá máa bá mi tọ́jú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí a ti tọ́ wa nìyẹn.

Ọdọọdún ni bọ̀ọ̀dá ń fi òrí pa ọkọ̀ náà, tó sì ń fi kànìnkànìn ha á. Ní ọdún kẹrin, ìpẹtà ti yọ ní ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ra ọkọ̀ kékeré kan, funfun, tuntun. Kò wá sí ilé. Ilé-ìwé ni ó wá, ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́, ó ṣí fìlà, ó sì ti ilẹ̀kùn kíláàsì kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyàwó, nínú agolo mẹ́ta yẹn, èwo gan-an ni kí n rà? Má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́ pé mo wá bi ọ́.”