Páwà-Báǹkì Mi àti Okùn Ọ̀tá Mi

Mo rántí ìgbà tí agbòòrùn aládùúgbò mi máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù mí lọ ní ọjà Marcory, ní Abidjan. Páwà-báǹkì, bátìrì àgbékiri tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, ni mò ń tà. Òun ń ta okùn ṣájà ní òdìkejì mi. Ọmọ Ṣakí ni mí, Ìgbòho ni òun ti wá. Láti ọjọ́ tó ti pe oníbàárà kúrò níwájú mi la ò ti kí ara wa mọ́. Bó bá fẹ́ bú mi, agbòòrùn rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Àga mi lèmi náà fi ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ra páwà-báǹkì mi tó tóbi jù padà dé. Abidjan ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń fi Faransé tilẹ̀ bí ọ̀pá. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan dání, ó nípọn bíi bíríkì, ṣájà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kan ní Zone 4, níbi tí kò ti sí iná. Ó fi okùn so ó mọ́ páwà-báǹkì náà lójú mi. Kọ̀ǹpútà kò mira.

Ọkùnrin náà ráhùn; ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè, ṣùgbọ́n etí ọ̀tá gùn, ọ̀tá mi sì kọjú sí agbòòrùn rẹ̀.

“Agbòòrùn, ṣé o rí i? Mo ti ní iyanrìn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ru iyanrìn Ṣakí wá sí Abidjan.”

Àwọn ọ̀dàlẹ̀ kan ti di iyanrìn sínú irú rẹ̀ rí lóòótọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Obìnrin tó ti ń ná tèmi gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. Bí orúkọ yẹn bá lẹ̀ mọ́ mi, ọjà mi parí. Ta ló ń fowó ra iyanrìn? Mo fi ẹnu tí mo fi ń kírun búra. Kò sẹ́ni tó wò mí. Àgbà ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ọ̀yà tèmi ti di eku.

Ọkùnrin náà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fóònù, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Tantie, àǹtí mi, bátìrì yín dáa. Agbára wà nínú ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó gbé púpọ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Okùn kan wà tó máa bá a bèèrè.”

Mo ní, “Alárenà ló nílò nìyẹn. Níbo ló wà?”

Ó wo òdìkejì. Mo wo ilẹ̀.

Ó sọdá, ó ra okùn náà. Ọ̀tá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ṣàdúrà fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà fi so méjèèjì pọ̀, arúgbó kọ̀ǹpútà náà húkọ́, ó kùn bí ológbò tí wọ́n jí lójú oorun, ojú rẹ̀ sì tàn.

Mo kọjú sí àga mi. “Àga, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ olókùn. Iyanrìn wa ti tan kọ̀ǹpútà.”

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin Ìgbòho pa agbòòrùn rẹ̀ dé, ó sì jókòó sínú oòrùn.

Títí dòní a ò kí ara wa. Bí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá wá, màá ta bátìrì fún un, màá sì fi ètè júwe òdìkejì fún okùn. Òun náà á fi àgbọ̀n júwe mi. Ọjọ́ tí kò bá ṣí ìsọ̀, ojú ọ̀nà ni mo máa ń wò ṣáá, ọjà mi ò sì ní tà. Tó bá wá dé, tó ṣí agbòòrùn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bú mi, ara mi á balẹ̀.